Bí Mo Ṣe Fi Ọjọ́ Ayé Mi Lé Ooru Kúrò Nínú Ilé

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ooru ni mo ń lé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Màmá, ṣé ooru Èkó tá a mọ̀ yìí náà?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì di ìtàn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé, tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo lẹ máa kọ́, ẹ̀yin ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ èyí. Mi ò ní kí gbogbo yín wá ṣe iṣẹ́ tèmi o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tó dùn mọ́ èèyàn débi pé, títí dòní, tí mo bá wọ ọ́fíìsì kan, ojú mi á kọ́kọ́ lọ sókè àjà, á lọ sí fèrèsé, kó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tí mo wá rí.

Fọlákẹ́ lorúkọ mi. Yábàá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nílé olùkọ́. Ìṣirò ni bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí mo parí iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ ní àárín àwọn ọdún 1980, níbi tí mo ti kọ́ nípa iná mànàmáná, iṣẹ́ ìjọba ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Múṣín tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éésì, ó sì ń wá ẹni tó mọ̀ nípa iná díẹ̀. Bí mo ṣe dé ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Bàbá mi ò fẹ́ ẹ rárá.

"Fọlákẹ́, ṣé o fẹ́ máa gun àkàbà kiri láàárín àwọn ọkùnrin ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò fún ọdún kan, sà."

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. "Ọdún kan o. Tí kò bá bá ẹ lára mu, o máa lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́."

Ọdún kan yẹn ò pé títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ọ̀gá Rájí ni wọ́n ń pe ọkùnrin Múṣín náà. Wọ́n ga, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó dọ̀tí jù lọ, ṣẹ́ẹ̀tì náà á sì funfun títí wọ́n á fi dé padà. Wọn kì í pariwo. Ká ní wọ́n ń pariwo ni, ìbá rọ̀ wá lọ́rùn. Tó o bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á kàn dúró, wọ́n á máa wò ẹ́, ìwọ fúnra ẹ lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi lọ, ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan ní Súrùlérè ni. Ọkùnrin ayàwòrán náà ní éésì òun ò tutù mọ́, pé àwọn tó ń wá ya fọ́tò ń làágùn, àtíkè ń ṣàn lójú wọn. Mo ti yọ sikurudíráfà kí n tó wọlé tán. Ọ̀gá Rájí gbà á lọ́wọ́ mi.

"Jókòó," ni wọ́n wí.

Mo jókòó. Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó tó wákàtí kan. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, èmi jókòó sórí àpótí bí ẹni tó wá ya fọ́tò. Nígbà tó yá, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Kí lo rí?"

"Éésì ò tutù, sà."

"Mi ò bi ẹ́ nípa éésì. Mo ní, kí lo rí?"

Mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ fọwọ́ kan ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń pa. Mo fọwọ́ kàn án, mo sì yára gbọ́wọ́ kúrò. Ó gbóná bí ara ìkòkò! Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Mo wo ilẹ̀kùn: kò sẹ́ni tó ń tì í, gbogbo òtútù tí éésì ń ṣe ló ń gba ibẹ̀ jáde lọ sí títì. Mo wo òkè: gílóòbù ńláńlá mẹ́rin ń jó láàárín ọ̀sán gangan, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń ya fọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ síbí, mo ń nawọ́ sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ń ya lẹ́nu mi. Ọ̀gá Rájí ń mi orí.

"Éésì yìí ò ṣàìsàn," ni wọ́n sọ fún ayàwòrán náà. "Ilé yín ló ń ṣàìsàn."

A fi sípíríǹgì sí ilẹ̀kùn kó lè máa ti ara ẹ̀. A ta tapólì sí ìta ògiri yẹn kí oòrùn má lè bà á mọ́. A ní kí wọ́n máa pa gílóòbù tí wọn ò bá ń ya fọ́tò. A ò tú ẹ̀rọ rárá. Inú ayàwòrán ò dùn nígbà tá à ń lọ, ó ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ó wá sí Múṣín fúnra ẹ̀, ó gbé fọ́tò Ọ̀gá Rájí tó yà ní ìkọ̀kọ̀ dání, ó ti fi férémù sí i.

Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára.

Ẹ má rò pé bó ṣe dùn tó nìyẹn lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń fọ àsẹ́ éésì, àsẹ́ tí eruku Múṣín ti sọ di aṣọ òfì. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tó fúyẹ́ bí ìwé, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n wọ́n. Bí ẹyọ kan bá tẹ̀, èmi ni màá fi abẹ́rẹ́ tún un nà. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó páìpù kọ́pà pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ tí mo jó, mo rò pé ó dára. Ọ̀gá fi omi ọṣẹ pa á lára ká lè mọ̀ bóyá ó ń jò, wọ́n ní kí n máa wò ó. Mo wò ó títí. Ìfóòfó kan ṣoṣo, tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, yọ jáde.

"Gé e," ni wọ́n wí.

Mo gé e. Mo tún un jó. Ìfóòfó tún yọ. "Gé e." Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún, mo nu ojú mi, mo padà wá. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọṣẹ dúró lára kọ́pà, kò sí nǹkan tó mì. Ọ̀gá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọn ò yìn mí. Wọ́n kàn mú géèjì tiwọn, èyí tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́, tá a bá ń jẹun, màá máa ròyìn: ilé báyìí ń gbóná láago méjì ọ̀sán, ilé báyìí láago mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Báwo lo ṣe mọ̀? Ṣé o wọ̀n ọ́n ni?" Mo ní ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ọwọ́ ò ṣeé kọ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ra tẹmómítà kan fún mi àti ìwé onílà kéékèèké, wọ́n sì kọ́ mi bí mo ṣe máa ya ooru ilé kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ sórí ìwé, kí ilà máa gòkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo inú mi bó ṣe dùn! Ohun tí mo ti ń fi ọwọ́ táràrà, mo wá ń rí i lójú ìwé. Nígbà tí mo fi han Ọ̀gá Rájí, wọ́n yí ìwé náà síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ta ló yà á?" Mo ní èmi ni, bàbá mi ló kọ́ mi. Wọ́n ní, "Kí bàbá ẹ, o. Sọ fún wọn pé mo ní wọ́n ṣeun."

Báyìí la ṣe dé ilé Ìlúpéjú, ibi tí mo ti gbéra ga, ibi tí mo sì ti já bọ́.

Ilé alájà mẹ́rin ni, ọ́fíìsì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Gíláàsì ni gbogbo ojú ẹ̀ tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Éésì tó wà lára ẹ̀ pọ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ, wọ́n sún mọ́ra débi pé ooru tí èyí bá tu jáde ni èkejì ń fà wọlé. Iná ìjọba kì í dúró, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn ilé tó ń ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èéfín dísẹ̀lì ẹ̀ ti sọ ògiri àwọn tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ di dúdú. Aṣọ funfun ò ṣeé sá lágbàlá wọn. Máníjà ilé náà, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn, ló wá bá wa. Jẹnẹrétọ̀ yẹn fẹ́ kú, àwọn tó ni ilé sì ti ní kó lọ ra èyí tó tún tóbi jù ú lọ, ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá a lè bá òun dín ìnáwó yẹn kù.

Ọ̀gá Rájí ò gbádùn ara wọn lákòókò náà. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ìwọ lo máa ṣe èyí." Mo ti lo bí ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Mi ò lè sùn dáadáa nítorí ayọ̀.

Mo gbé tẹmómítà mi lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo rí i pé ilé náà ń jò bí apẹ̀rẹ̀. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń padé, kò sí èyí tó padé tán. Àwọn ihò atẹ́gùn wà lókè ògiri, wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu, òtútù ń gba ibẹ̀ lọ. Mo ní ká dí gbogbo ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá! Èmi àti àwọn káfíńtà méjì fi pọ́tì, àtè tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì, dí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a fi pákó kan ihò atẹ́gùn, a fi rọ́bà sí ìdí ilẹ̀kùn. Nígbà tá a parí, ìdajì éésì ni wọ́n ń tàn, ilé sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé ń mú mi ká ọ́fíìsì kiri bí ìyàwó tuntun. "Ẹ wo ẹnjiníà mi, ẹ wò ó, obìnrin ni o!"

Yàrá àwọn táípíìsì ló dùn mọ́ mi jù. Àjà kejì ni, lápá ẹ̀yìn. Ọ̀gá wọn, Àǹtí Mojí, jẹ́ obìnrin aláwàdà kan tó lóyún bí oṣù márùn-ún. Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí bébà ò lẹ̀ mọ́ òun lápá.

Ọyẹ́ dé. Atẹ́gùn tó ti ń fẹ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn yí padà, ó wá ń fẹ́ ẹ bọ̀ sára ilé tiwa. Mi ò kíyè sí i. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, iná lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké láìsinmi. Ní nǹkan bí aago méjì, mo wà lájà kẹta, mo ń ka tẹmómítà, mo ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí mo rí. Mo gbọ́ igbe nísàlẹ̀.

"Àǹtí Mojí ti ṣubú! Ẹ gbà wá o!"

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn ni mo mọ̀. Òórùn dísẹ̀lì ò pọ̀ nínú ẹ̀, ó rọra wà níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ibẹ̀ ti kú. Táípíìsì kan gbórí lé tábìlì, òmíràn ń bì. Àǹtí Mojí wà nílẹ̀, ojú ẹ̀ ti yí padà. Ihò kan ṣoṣo tí éésì ẹ̀yìn ilé fi ń fa atẹ́gùn wọlé, iwájú páìpù èéfín gan-an ló wà. Èéfín ń wọlé, kò sì ríbi jáde. Èmi ni mo dí gbogbo ibi tí ì bá gbà jáde.

Mo fa fèrèsé, kò ṣí. Pọ́tì tèmi ló mú un. Mo gbé sípánà, mo fọ́ gíláàsì náà, mo fọ́ èkejì, mo fọ́ ẹ̀kẹta. Mò ń kígbe pé, "Ẹ pa jẹnẹrétọ̀! Ẹ gbé wọn jáde!" Àwọn ọkùnrin gbé Àǹtí Mojí sọ̀ kalẹ̀, mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé ló gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀.

Kò sẹ́ni tó kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní. Àwọn yòókù gbádùn ara wọn kílẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n Àǹtí Mojí lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí dókítà tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọmọ inú ẹ̀.

Mo lọ sílé. Mi ò padà sí Múṣín. Mo sọ fún bàbá mi pé mo ti ṣe tán láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ẹ gbọ́ o, bàbá mi tí kò fẹ́ iṣẹ́ yìí látilẹ̀, wọn ò gbà. Wọ́n kàn ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Rájí.

Ọ̀gá wá sílé wa ní Yábàá lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Wọn ò bá mi kẹ́dùn. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń wò mí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Mo kọ́ ẹ pé kó o wá ibi tí ooru ń gbà wọlé. Ṣé mo kọ́ ẹ pé èèyàn tó wà nínú ilé gbọ́dọ̀ mí?"

Mi ò fẹ́ dá wọn lẹ́bi.

"Dá mi lóhùn."

"Ẹ ò kọ́ mi, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì la ṣe é. Dìde, ká lọ tún un ṣe."

"Ọ̀gá, wọn ò ní gbà wá láàyè mọ́."

"Ẹni tó bá máa lé wa, ojú ẹ̀ la máa lọ wò kó tó lé wa."

Ọsibítù la kọ́kọ́ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Mojí, mi ò tiẹ̀ rántí pé obìnrin ń kúnlẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín débi tí nọ́ọ̀sì fi wá wò wá. Ó ní, "Dìde jàre. Tó o bá fẹ́ bẹ̀ mí, má sá lọ. Mo gbádùn yàrá yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò fẹ́ padà sínú ooru. Lọ ṣe é kó tutù, kó má sì pa wá." Ó fà mí lọ́wọ́, ó gbé e lé ikùn ẹ̀. "Ẹni yìí náà ti ń tapá látàárọ̀. Òun náà ń bínú sí ẹ."

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun ti sọ fún àwọn tó ni ilé pé òun máa ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ ti tán. Àǹtí Mojí ló kọ lẹ́tà sí i látorí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo àwọn táípíìsì ẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ó fún wa ní oṣù méjì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oṣù méjì yẹn! Ká ní mo lè padà lò wọ́n! A ṣí ihò atẹ́gùn padà, ṣùgbọ́n lápá iwájú, níbi tí èéfín ò lè dé, a sì ṣe ọ̀nà àbájáde fún afẹ́fẹ́ tó ti lò tán. A gbé páìpù jẹnẹrétọ̀ gùn lọ sókè ju òrùlé lọ. Nígbà náà la wá dojú kọ ojú ilé. Ọ̀gá Rájí ní tí oòrùn bá ti wọ gíláàsì, ó ti wọlé náà nìyẹn. Kọ́tìnì inú ilé ò lè lé e padà mọ́. Ìta ni ká ti pàdé ẹ̀. A ní kí àwọn tó ń jó irin ṣe irin pẹlẹbẹ, a tò wọ́n síwájú gíláàsì bí ìpéǹpéjú, kí oòrùn ọ̀sán má rí àyè, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa wọlé. A kun páànù òrùlé ní funfun. A yọ gílóòbù tó ń gbóná, a fi iná funfun gbọọrọ rọ́pò wọn. A gbé àwọn éésì jìnnà síra kí èyí má fa ooru èkejì. Lójoojúmọ́ ni mò ń ya ilà mi sórí ìwé, ilà náà ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, èmi náà ń sáré gòkè sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ kì í dùn mí.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, tí kò ju ìdajì ti ẹ̀yìn ilé lọ, wà nínú ọgbà yẹn tí wọn kì í lò fún nǹkan mìíràn ju iná gééètì lọ. Lọ́jọ́ tí oṣù méjì pé, mo ní kí wọ́n so ilé mọ́ ọn.

Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé wò mí. "Èyí yìí? Kó gbé ilé alájà mẹ́rin? Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ gidi."

"Ẹ bá mi tàn án, sà."

Wọ́n tàn án. Ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ohùn ẹ̀ sì wá dúró sójú kan. Iná tàn lájà kìíní. Iná tàn lájà kejì. A ń tan éésì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gá Rájí gbé ọwọ́ lé ara jẹnẹrétọ̀ náà, èmi ń wo mítà. Àjà kẹta. Àjà kẹrin. Abẹ́rẹ́ mítà gòkè, ó súnmọ́ ilà pupa, ó sì dúró síbẹ̀ láìkọjá. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ẹ̀yìn ògiri, ọ̀kan nínú àwọn tí èéfín ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì! Ẹ ò wá síbi iṣẹ́ lónìí ni? A ò gbọ́ ariwo yín!"

Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé bú sẹ́rìn-ín, ó ju áńkáṣíìfù ẹ̀ sókè. Ó gbé èmi àti Ọ̀gá Rájí mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, òógùn ẹ̀ sì rin ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọ̀gá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí àbàwọ́n lára ẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Àǹtí Mojí bí ọmọbìnrin kan, ara ẹ̀ le koko.

Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wá wa. Ọ̀gá sọ mí di alábàáṣiṣẹ́pọ̀ wọn. A ṣe ilé ní Súrùlérè, ní Yábàá, ní Ìlúpéjú. Irinṣẹ́ ń yí padà. Mítà tó dà bí akàn dé, tó ń gbá wáyà mú, tí á sì sọ iye iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé o gé e. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo fi gbá gbogbo wáyà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mú.

Ṣùgbọ́n ìyípadà tó tóbi jù ni ti gáàsì. Láyé ìgbà yẹn, tá a bá fẹ́ tún éésì ṣe, a kàn máa ń tú gáàsì inú ẹ̀ sáfẹ́fẹ́ ni. Fííì, ó ti lọ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, wọ́n pe àwa oníṣẹ́ jọ ní Yábàá, olùkọ́ kan sì ṣàlàyé pé gáàsì yẹn ń gòkè lọ, ó ń jẹ ìbòrí tó wà lójú sánmà, èyí tí kì í jẹ́ kí líle oòrùn jó wa. Ọ̀gá Rájí, tí irun wọn ti ń funfun, nawọ́ sókè.

"Olùkọ́, gbogbo èyí tí mo ti tú jáde láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, púpọ̀ nínú ẹ̀ ṣì wà lókè."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pe gbogbo wa jọ, wọ́n ní ẹni tó bá tún tú gáàsì sáfẹ́fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn, kó máa bá tiẹ̀ lọ. A wá ẹ̀rọ tó ń fà á padà sínú sílíńdà, iṣẹ́ wa sì gùn sí i. Àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín wọn lọ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, obìnrin kan tó ní ilé oògùn ní Yábàá ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo ayé ń pè é ní Màmá Olóògùn. Oògùn ò fẹ́ ooru, Màmá sì fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́ta, kí oògùn wà nísàlẹ̀, kí ọ́fíìsì wà lókè. Mo gbé tẹmómítà, mo lọ. Ilẹ̀ lásán ni mo bá! Koríko ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé tí wọ́n ti kọ́ bàjẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí sí. Kò sẹ́ni tó pè mí rí kí wọ́n tó kọ́lé.

Ayàwòrán ilé wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ìwé ńlá dání. Ó ya ilé tó ní gíláàsì láti ilẹ̀ dókè, tó kọjú sí títì. Mo bẹ Màmá pé ká dúró títí di aago mẹ́rin. A dúró. Nígbà tó tó àkókò, Màmá fọwọ́ bojú.

"Oòrùn yìí fẹ́ fọ́ mi lójú o."

"Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn ni gíláàsì máa wà, Màmá."

Màmá yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Yí ilé mi."

"Màmá, ilé kì í ṣe àga tí wọ́n ń yí."

"Kò tíì sí ilé níbí, ọmọ mi. Ìwé ló wà lọ́wọ́ ẹ. Yí ìwé."

Ó bínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó wá bá mi ní Múṣín, a jókòó, a sì jọ yà á. Ọmọ náà gbọ́n! Ó ṣe àgbàlá kan sáàárín ilé tí ooru ń gbà gòkè lọ, ó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ jíjìn sápá ìwọ̀ oòrùn, ó fi fèrèsé sí ibi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń wá. Ohun tí mi ò tiẹ̀ rò, ó rò ó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ kún. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ àlejò pàtàkì jókòó níwájú mi, ó gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, kò sì lò ó. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ Màmá Olóògùn.

"Éésì yín dákẹ́ gan-an o. Irú èwo lẹ rà?"

Màmá nawọ́ sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Páálí éésì mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, fún yàrá oògùn nìkan. A ò tíì gbé wọn kọ́. Bàbá náà ò gbà gbọ́. Ó dìde, ó rọra rìn lọ síbẹ̀, ó fọwọ́ kan téèpù tó wà lára páálí kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì já a. Ó padà wá, ó jókòó, ó tún agbádá ẹ̀ ṣe, ó sì ní kí wọ́n máa bá ètò wọn lọ.

Èmi yọ́ jáde sẹ́yìn ilé, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì pé kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo sì fò sókè.